Bí A Ti Í Yan Bébà Aláwọ̀ fún Dídán Oògùn Bordeaux Wò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó, ẹ mọ òfò tí àrùn tí í sọ èso kòkó di dúdú ń mú wá ní ìgbà òjò. Oògùn Bordeaux jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń dènà rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá; ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet ni ó kéde rẹ̀ ní ọdún 1885 fún ìtọ́jú àjàrà. Lóde òní oògùn tí a ti pò sílẹ̀ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń po Bordeaux fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fín in láì dán an wò.

Copper sulphate aláwọ̀ aró àti láìmù ni a fi ń pò ó. Omi copper sulphate jẹ́ ohun kíkan, ó sì lè jó ewé. Omi láìmù dàbí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ: òdìkejì kíkan ni. Bí láìmù bá tó, yóò pa kíkan náà. Bí ó bá kéré, tàbí bí ó bá ti pẹ́ jù níta tí agbára rẹ̀ ti dínkù, ewé àti ìtànná yóò jóná. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ má sì ṣe fi ahọ́n tọ́ ọ wò, nítorí májèlé ni.

Àwọn ohun kan ń pa àwọ̀ dà nínú kíkan àti nínú òdìkejì rẹ̀. Ẹ wo omi ìṣápá pupa: ọsàn wẹ́wẹ́ a mú un pọ́n sí i, omi eérú a sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń yí padà. Lórí òṣùwọ̀n kíkan, 7 ni àárín. Ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ 7 kan, èyí tí ó bá ju 7 lọ kò kan.

1. Methyl orange ń yí láti pupa sí àwọ̀ ìyeyè láàárín 3.1 àti 4.4, nígbà tí kíkan ṣì kù. Yóò tàn yín jẹ. Ẹ má lò ó.

2. Litmus ń pọ́n nínú kíkan, a sì di aláwọ̀ aró nínú òdìkejì rẹ̀. Ó wúlò.

3. Phenolphthalein kì í ní àwọ̀ títí yóò fi kọjá 8.2, lẹ́yìn náà a di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí ni ó dára jù, nítorí bí ó bá ti pọ́n, ó dájú pé láìmù tó.

Bébà ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a ń kán sínú omi, nítorí aró oògùn náà yóò bo àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fún 100 lítà omi, ẹ lo copper sulphate kílò 1 àti láìmù kílò 1. Ẹ pò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ tàbí ike, kì í ṣe nínú irin. Ẹ rọra da omi copper sulphate sínú omi láìmù, kí ẹ máa rò ó. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò díẹ̀, kí ẹ sì fi etí bébà kan omi òkè. Bí kò bá pọ́n, ẹ fi láìmù díẹ̀ kún un, kí ẹ tún dán an wò.

Bí kò bá sí bébà, ẹ ki ọ̀bẹ irin dídán bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 1. Bí ó bá pọ́n bí bàbà, láìmù kò tó. Ọjọ́ tí ẹ bá pò ó ni kí ẹ fín in tán.