Ẹ Má Tíì Bèèrè Orin! Ọwọ́ Tó Ń Fa Ọrun Fáyólìn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí fáyólìn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ohun tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe orin rárá. A máa han bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún, a sì máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láìfún un lónjẹ. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, irú èyí tó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ọ̀sẹ̀ kan péré ti tó kí ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọmọ yín, àbí irin ló ń rẹ́ ni?"

Ìtìjú yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nídìí fáyólìn. Ìyá á ti dá àjọ, á ti kó àjọ, á ti ra ohun èlò, á sì ti san owó olùkọ́. Nígbà tó bá máa fi di oṣù kẹta, fáyólìn ti wà lórí ògiri, eruku ti bò ó. Wọ́n á ní ọmọ ò lẹ́bùn. Ẹ̀bùn kọ́ o! Ẹni tó wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa á rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ọ̀hún ni wọn ò ráyè kọ́.

Ìkánjú ló bà á jẹ́. Ìjọ pọ̀ lẹ́bàá títì Èkó sí Àgbádárìgì, ìjọ tó bá sì rọ́wọ́ họrí a fẹ́ kí fáyólìn wà láàárín àwọn akọrin òun. Òbí gba ọmọ wọlé sọ́dọ̀ olùkọ́ lóṣù kẹsàn-án, ó fẹ́ kó ta orin nígbà ìkórè lóṣù kọkànlá. Kí olùkọ́ má bàa pàdánù owó oṣù, á lẹ bébà pélébé mọ́ ọrùn fáyólìn, á ní, "Fìka síbí, fìka sọ́hùn-ún." Ọmọ á ta orin náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ewúrẹ́ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, owó yín ló ń jó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ẹ gbọ́ bí ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Okùn mẹ́rin ló wà lórí fáyólìn. G ló nípọn jù, D tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà A, E ló tín-ín-rín jù. Ọwọ́ òsì ló ń tẹ okùn láti yí ohùn padà sókè sódò. Ọwọ́ ọ̀tún ló mú ọrun, èyí tí àwọn olórin ń pè ní bóò. Ọ̀pá igi ni, ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 75, kò sì wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 60 lọ. Irun ìrù ẹṣin, bí 150 sí 200, ni wọ́n nà láti orí rẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Irun yẹn nìkan ò lè dún. Yíyọ̀ ló máa yọ̀ lórí okùn bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi róósìn pa á. Oje igi páìnì tí wọ́n sè tó wá gan ni róósìn, ó máa ń dán bíi gíláàsì. Òun ló ń jẹ́ kí irun di okùn mú, kó fà á díẹ̀, kó tú u sílẹ̀, kó tún dì í mú. Lórí okùn A, ìgbà 440 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọwọ́ bá wúwo jù, okùn ò ní ráyè mì, á máa han. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́ jù, á máa sín bí ẹni òtútù mú.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye rẹ̀, kó lọ wo káfíńtà nídìí iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá ló máa ń fi gbogbo agbára tẹ ayùn, tí á máa rún un mọ́ pákó ní kúkúrú-kúkúrú, tí ojú ibi tó ń rẹ́ á wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kì í tẹ ayùn. Á fà á gùn láti ìdí dé orí, á jẹ́ kí ìwúwo ayùn fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, igbá-apá rẹ̀ á máa ṣí, á máa pa dé, ayùn ò sì ní kúrò lójú ìlà. Bí wọ́n ṣe ń fa ọrun gan-an nìyẹn, àfi pé fáyólìn kì í ṣe pákó, kò sẹ́ni tó fẹ́ gé e sí méjì.

Bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú lẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ká díẹ̀, kò gbọdọ̀ le gbandi. Ìka kékeré á gun orí igi bí ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka, àwọn ìka yòókù á rọra fara mọ́ igi bí ìgbà tí èèyàn mú ẹyin. Tí èjìká bá ti gbé sókè, tí eyín ọmọ sì ń pa pọ̀, kó sọ ọrun kalẹ̀, kó gbọn ọwọ́ nù, kó tún un mú. Ibi tí ọmọ máa fi irun sí wà láàárín afárá, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró, àti ibi tí ọrùn dúdú fáyólìn parí sí. Kó má sún mọ́ afárá jù, kó má sì rìn lọ sórí ọrùn. Ẹ gbé dígí síwájú ọmọ. Tí ọrun bá ń lọ ní ọgbọọgba pẹ̀lú afárá, ó dára. Tí ó bá ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀kadà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyánà Ìbà, kó dúró, kó tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ fi okùn D sílẹ̀ láìtẹ ìka kankan lé e. Kó fa ọrun láti ìdí dé orí bó ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kó sì tì í padà bákan náà. Nígbà tí èyí bá mọ́ ọn lọ́wọ́, kó lo ìdajì ọrun fún ení, èjì. Ìdí ọrun ló wúwo, orí rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà bí ọwọ́ bá ń lọ síbi orí, ìka ìfábẹ̀lá ní láti rọra fi ìwúwo díẹ̀ kún un kí ohùn má bàa kú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nìyẹn. Kì í dùn ún wò, aládùúgbò ò sì ní pàtẹ́wọ́.

Àwọn kan á ní, ṣebí ohun òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀? Kò jọ bẹ́ẹ̀. Kí fáyólìn tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn baba wa mọ gòjé tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá. Igbá ni, wọ́n fi awọ awọ́nrínwọ́n bò ó, okùn irun ẹṣin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ọrun onírun ẹṣin náà ni wọ́n sì ń fi fà á. Ẹni tó bá gbọ́ sákárà nígbà ayé Abíbù Olúwa àti Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, tó di olóògbé lọ́dún 1978, mọ bí gòjé ṣe ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù sákárà. Okùn kan péré, tí ara gbogbo àwọn tó wà lóde á sì yá! Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Fáyólìn pàápàá kì í ṣe àlejò ní Èkó. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lórí náírà kan, kọ́ fáyólìn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Òyìnbó, ó sì gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ kó tó padà wálé lọ́dún 1893.

Ọ̀rọ̀ ìlù wá ńkọ́? Níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ní ànfààní, tí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n lò. Shinichi Suzuki, ará Japan tí wọ́n bí lọ́dún 1898 tó kú lọ́dún 1998, kọ́ ayé pé kí ọmọdé máa fa orin kékeré kan ṣoṣo ní oríṣiríṣi ìlù kó tó ta orin náà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí ìlù náà kó lè mọ́ ọmọ lórí. Àwa tí ìlù ń bá sọ̀rọ̀ láti kékeré, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n kọ́ wa nìyẹn? Ọmọ lè fi ẹnu pe "ẹ-bá-mi-wọn gaà-rí", mẹ́rin àkọ́kọ́ yára, méjì ìkẹyìn fà. Kó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí i, kó fi ẹsẹ̀ lù ú mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kó fi ọrun fà á lórí okùn D nìkan, láàárín ọrun, ní kúkúrú. Lọ́jọ́ kejì kó mú "wá, gbo-wó", ọ̀kan gùn, méjì kúrú. Kọ́nkọ́lọ́ tí agogo ń lù á dé tó bá yá. Etí ọmọ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì ń tàsé.

Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Fáyólìn ò sì bẹ̀bẹ̀ fún iná mànàmáná. Bí wọ́n bá múná lọ, kíbọ́ọ̀dù á dákẹ́, fáyólìn á máa bá tiẹ̀ lọ. Nítorí aládùúgbò, ẹ fi ìpínṣọ onígi, èyí tí wọ́n fi ń pín aṣọ sórí okùn, há afárá, ohùn á lọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó rà á, ẹ jẹ́ kí ọmọ na apá òsì. Fi fáyólìn sí èjìká rẹ̀. Orí tó ká kò gbọdọ̀ kọjá àtẹ́lẹwọ́. Àgbà ló ń lo èyí tó tóbi jù, ọmọdé ní ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti èyí tó kéré sí i. Ẹ mì ín wò: bí nǹkan bá ń dún wọ́kọwọ̀kọ nínú rẹ̀, igi kékeré tó gbé ojú àti ẹ̀yìn dúró ti ṣubú, ẹ ní kí ẹni tó tà á gbé e dìde kó tó gbowó. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án, ooru a máa tú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Tó bá ti tán, kí ọmọ dẹ irun ọrun, kó nu ìyẹ̀fun róósìn kúrò lára okùn, kó má sì fi ọwọ́ olóròóró kan irun yẹn láéláé.

Ẹni tí iṣẹ́ bá wọ̀ lára, tó fẹ́ fi orin jẹun, lè gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ orin ní LASU ní Ọ̀jọ́, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, náà wà ní Oníkàn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Mile 2 lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti gé ìrìn náà kúrú fún ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Òkòkòmáíkò dé Mile 2.

Tí ìkórè bá wá dé kí ọwọ́ tó tọ́ ńkọ́? Olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ ò ní ti ọmọ síwájú ìjọ kó lọ fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Á wá orin tó wà ní ohùn D, á ní kó jókòó láàárín ẹgbẹ́, kó máa fa okùn D nìkan lábẹ́ orin, gígùn, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta òkè.