Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Oníṣẹ́ Ọnà Dé Ìlá

Ní Naoshima, erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Japan, ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kadoya. Ní 1998, oníṣẹ́ ọnà Tatsuo Miyajima to iná nọ́ńbà 125 sínú omi nínú ilé náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ka iye tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yára tàbí tí wọ́n ń rọra kà, kì í ṣe Miyajima ló pinnu rẹ̀. Àwọn ará erékùṣù náà, àtọmọdé àtàgbà, ni wọ́n yàn án. Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ fi ìlú kékeré ṣe fíìmù, ìwé ìtàn tàbí ère, kó lọ síbẹ̀, kó pẹ́ níbẹ̀, kó sì jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. A kò ní láti dé Japan kí a tó rí ẹ̀rí. Ó wà ní Ìlá Òràngún, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun.

Ọ̀pọ̀ ère Yorùbá tó wà ní mùsíọ̀mù òkè òkun ni wọ́n kọ sí lábẹ́ pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Irọ́ ni, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n nílé. Ní Ìlá, ère ìbejì tí kò lórúkọ ní New York lè jẹ́ èyí tí àgbàlagbà obìnrin kan nínú agbo ilé yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé Fákẹ́yẹ ti ilé Inurin ló gbẹ́ ẹ fún ìyá òun. John Pemberton, olùkọ́ ní Amherst College ní Amẹ́ríkà, gbà pé ó yẹ kí a bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní 1977, ó tẹ àlàyé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà ní Ìlá. Ní 1978, ó kọ̀wé lórí egúngún Ìgbómìnà. Ní 1996, òun àti Funso Afolayan, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, gbé odindi ìwé jáde lórí ipò ọba ní Ìlá. Ọdún 19 ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ẹni tó kàn wá kí ìlú tó sì ń lọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Fákẹ́yẹ náà ni Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Ìlá, tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kó tó lọ sí Òyè-Èkìtì. Níbẹ̀, George Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì, kọ́ ọ sí i ní ibi iṣẹ́ tí fádà Kevin Carroll ń bójú tó. Ère Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Lámídì ni. Carroll jókòó ti àwọn agbẹ́gilére yìí títí ó fi mọ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú lẹ́nu wọn: ọ̀nà lílẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké la ìrísí ère jáde lára ìtì igi, àlẹ́túnlẹ́, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ, dídán, nígbà tí ara igi ń jọ̀lọ̀, fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fi ọnà sí irun àti aṣọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1967. Òǹkọ̀wé tó bá jókòó sí Èkó tó fẹ́ kọ ìtàn agbẹ́gilére, níbo ni yóò ti fọkàn yàwòrán ìyẹn?

Àwọn kan yóò ní Carroll ní ohun tirẹ̀ tó ń wá, pé ó darí ọwọ́ tó ń gbẹ́ òrìṣà sí ìtàn Bíbélì. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi pamọ́. Àlejò kì í wá lásán. Ṣùgbọ́n bí kò bá jókòó tì wọ́n rárá, a ò ní ní àkọsílẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn tó ti lọ kó síbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwòrán egúngún kò lè sọ ilé tó ni ín fún wa, tàbí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú jáde, tàbí ẹni tí kò gbọdọ̀ dúró nítòsí. Ìdí nìyí tí ìlú inú ọ̀pọ̀ fíìmù wa kò fi lórúkọ, tí adé gbogbo ọba inú wọn jọra, tí a kì í sì í gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn mí, nítorí pé Ìlá kì í ṣe erékùṣù; mọ́tò ń lọ síbẹ̀ láti Òṣogbo.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé àlejò máa ń kó ìmọ̀ lọ, òun ló ń gba oyè, ẹni tó fún un ní ìmọ̀ kò sì rí ìwé náà sójú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ti ìlẹ̀kùn, àwa náà la máa pàdánù, torí àgbà tó mọ orúkọ agbẹ́gilére kò ní dúró dè wá. Ó yẹ kí ìwé Pemberton àti Afolayan wà níbi tí ọmọ Ìlá ti lè kà á láìsanwó, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà nínú ìlú náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ eré nípa Ìgbómìnà lọ́wọ́ báyìí, ẹ wọ mọ́tò, ẹ bèèrè orúkọ, ẹ sanwó fún àkókò àwọn àgbà, kí ẹ sì gbé eré náà padà fún wọn wò kí ẹ tó gbé e jáde.