Ta Ló Yọ Orúkọ Ẹni Kẹrin?

Níbi ìkómọ kan ní Òde-Ayé, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ni bàbá àgbàlagbà kan ti gba ìwé pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi wò. Ìwé ìtàn ìdílé ni. Èèyàn mẹ́rin ló kọ ọ́, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lára èèpo rẹ̀. Bàbá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Bó bá ṣe ìgbà tiwa ni, ẹni àkọ́kọ́ nìkan là bá kọ sí káàdì. Àwọn mẹ́ta tó kù á di *et al.*"

Mo ní, "Kí ló dé, bàbá? Kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní wọn ò ṣe nǹkan kan, òfin ni. Ilé ìkàwé fásitì kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kọ orúkọ ìwé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tó wà lórí pẹpẹ sára káàdì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i. Ó fi kún un pé wọ́n ti yí òfin náà padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe àwọn síbi tí wọ́n ti yí i.

Bí òfin ọ̀hún ṣe dé kò gba àlàyé gígùn. Àwọn ẹgbẹ́ láìbìréríà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé e jáde ní 1908. Wọ́n tún un ṣe ní 1967, wọ́n tún un ṣe sí AACR2 ní 1978. Òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní RDA jáde ní 2010 láti gba ipò rẹ̀, ilé ìkàwé ńlá Library of Congress ní Washington sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2013.

AACR2 ni bàbá fi jẹun. Bí àwọn tó kọ ìwé bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni òfin yẹn ní kí wọ́n dárúkọ. Kò sí ìkà níbẹ̀. Káàdì kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹni tó jókòó sídìí táípùráítà ní láti ṣún ọ̀rọ̀ jọ ni. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi di "ill.", tí ìwé tí a kò mọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sì di "S.l.". RDA ní kí a kọ wọ́n ní kíkún, ó sì fàyè gba orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé, ìbáà ṣe ogún. Orí kọ̀ǹpútà ni kátálọ́ọ̀gù wà báyìí, àyè pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ OCLC ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣì ń tẹ káàdì fún àwọn ilé ìkàwé tó bá fẹ́; ọjọ́ náà ni wọ́n tẹ èyí tó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá fẹ́ sọ gan-an kọ́ nìyẹn. Ìjà orúkọ ló fẹ́ sọ.

Ilé ìwé àwọn láìbìréríà ní Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó débi iṣẹ́, wọ́n gbé ìwé ìtàn àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà tó jáde ní 1965 kalẹ̀ níwájú rẹ̀. J. F. Ade Ajayi ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Orúkọ bàbá ẹni ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú lórí káàdì. Èwo wá ni orúkọ bàbá níbẹ̀?

Bàbá ní Ade Ajayi ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń pè é. Ẹni tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì, ará Èkìtì ni, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ Ìkọ̀lé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn sì mọ ilé wọn. Àjàyí lorúkọ ilé; Adé yẹn, Adéníyì tirẹ̀ gan-an ni wọ́n gé kúrú, bàbá rẹ̀ kọ́ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nínú àpótí káàdì o. Gbogbo Adébáyọ̀, Adélékè, Adéyẹmí, Afọlábí àti Àjàní ló wà láàárín Ade Ajayi àti Ajayi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí àpótí tí kì í ṣe òun, á lọ sọ pé kò sí ìwé náà. Wọ́n fà á títí di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n fà á lọ́jọ́ kejì. Ará Èkìtì fẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní ọkùnrin náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Níkẹyìn wọ́n wo ohun tí Washington kọ: "Ajayi, J. F. Ade." Bó ṣe parí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá kò tíì gbà títí dòní.

Ó ní ti Mojola Agbebi sàn díẹ̀. David Brown Vincent ni pásítọ̀ onítẹ̀bọmi yẹn ń jẹ́ kó tó pa orúkọ òyìnbó tì ní 1894. Òfin ní kí orúkọ tuntun ṣíwájú, kí káàdì kan sì wà lábẹ́ Vincent tí yóò darí èèyàn síbẹ̀. Ti Samuel Johnson ló le. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè ti jẹ́ orúkọ yẹn kó tó di pé wọ́n bí pásítọ̀ Ọ̀yọ́ wa. Ọdún ìbí àti ọdún ikú ni wọ́n fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: 1709 sí 1784 fún ti Gẹ̀ẹ́sì, 1846 sí 1901 fún tiwa. Ìwé ìtàn Yorùbá tí pásítọ̀ kọ́kọ́ kọ sọnù nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú kó tó rí i kó jáde. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bàbá fẹ́ kí Obadiah ní káàdì tirẹ̀. Ó ṣe é fún un, ó sì dá mi lójú pé kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni RDA ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọmọ ọmọ bàbá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ló dá mi lóhùn. Ó ní ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ṣe lé e lórí. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé sínú kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà á jáde, ẹ ó dà á kọ. Lẹ́yìn 2013, RDA ni wọ́n ń fi ṣe é níbẹ̀, nítorí náà ohun tí a dà kọ náà di RDA. Ìwé àtijọ́ ṣì wà ní AACR2, tuntun wà ní RDA, àwọn méjèèjì jọ wà nínú kátálọ́ọ̀gù kan náà. Koha ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìkàwé wa ń lò fún un, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní New Zealand ní 1999. Láti New Zealand kan náà ni John Harris, láìbìréríà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ti wá ní 1948. Ó jọ pé ilẹ̀ yẹn kò tíì fẹ́ fi wá sílẹ̀.

Iṣẹ́ yá báyìí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá kọjá lọ́wọ́ ẹni láìjẹ́ pé ó ṣí i, ta ni yóò bá ará Èkìtì jà lórí orúkọ?

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní àṣejù ni bàbá àgbà ń ṣe. Bàbá ní ọdún tí kọ̀ǹpútà dé ni ìyà dé; ọmọ ní kọ̀ǹpútà ti wà tipẹ́ kí òfin tó yí. Kò sẹ́ni tó ní ìwé tí a lè fi dá wọn lẹ́jọ́. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí ni ti ìwé ìdílé tó wà lọ́wọ́ mi. Kò ní ISBN, nítorí náà kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò sì sí ní Washington tí a ó ti dà á kọ. Bó bá máa wọ ilé ìkàwé kankan, ẹnì kan ní láti jókòó tì í, kó kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì tọ àwọn ará ilé wọn lọ, kó béèrè èwo ni orúkọ bàbá nínú orúkọ ẹni kẹta.