Bí Ìdànrè Ṣe Sọ̀kalẹ̀ Látorí Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ìdànrè àtijọ́ yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 660. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó kò ní irú rẹ̀, wọn kò sì wá a. Ìtàn ní láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, Ufẹ̀-Òkè ni wọ́n sì ń pe ibùgbé wọn. Láyé ogun, àpáta ni odi wọn, bí Olúmọ ti jẹ́ fún àwọn Ẹ̀gbá. Bí ó ṣe ṣòro í gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ìlú ṣe balẹ̀ tó.

Ìlú gidi ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ààfin Ọwá, ọba ìlú náà, tí wọ́n fi amọ̀ mọ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá àti òpó gbígbẹ́. Kóòtù wà, ibojì àwọn ọba wà. Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn wà lára àpáta. Àwọn àgbà ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, tọmọdé tàgbà, àyàfi ti àjẹ́. Ní 1896, wọ́n dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lókè náà. Ẹni tó ń kọ́ ilé ìwé kò tíì ní in lọ́kàn láti kó lọ.

Kí ló wá mú wọn sọ̀kalẹ̀? Ogun tán, kòkó dé. Inú igbó nísàlẹ̀ ni oko kòkó wà, ọ̀nà mọ́tò sì ni ọjà rẹ̀ ń tọ̀. Ta ni yóò máa ti oko gun àpáta lálaalẹ́? Láti nǹkan bí 1923 ni wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, tí Òde-Ìdànrè àti Àlàdé fi gbòòrò. Títí dòní, orúkọ Ìdànrè àti kòkó kì í jìnnà síra.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ohun tí wọn kò kó. Òrìṣà Orósùn ṣì ń jẹ́ ti òkè, oṣù karùn-ún sì ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ìlú tó ṣì ń bọ òrìṣà rẹ̀ lókè kò tíì fi òkè sílẹ̀.

Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ti Òṣogbo ti wọlé láti 2005. Ìdànrè ṣì ń retí. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òjò kò ní bá ògiri amọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Ìdànrè tó bá mọ amọ̀ í pò, tó mọ ògiri í rẹ́, ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbà síṣẹ́, kí wọ́n máa tún ààfin náà ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pààrọ̀ páànù tó bá ti ń jò.