Ilé Olódi, Ìlú Àtijọ́ àti Etí Òkun: Oṣù Wo Ló Yẹ Ká Lọ sí Gánà?

Láti Èkó dé Elmina, etí òkun ni ọ̀nà ń tọ̀: Àgbádárìgì, Kútọnu, Ouidah, Lomé, Accra, Oguaa. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akérò ń ná ọ̀nà yìí, àwọn oníṣòwò wa sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Síbẹ̀, bí ìsinmi bá dé, Dubai àti London ni ọ̀pọ̀ ń ṣírò owó rẹ̀. Gánà tó wà nítòsí ni àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ kọ́ ilé olódi sí lẹ́tìí òkun, láti Keta ní ìlà oòrùn títí kọjá Axim ní ìwọ̀ oòrùn. Àjọ UNESCO ti kọ wọ́n sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 1979. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú àtijọ́, ilé olódi àti òkun pa pọ̀ nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni mo máa ń júwe fún un.

Oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú ìlú. Bíi ti Èkó ni òjò etí òkun Gánà ṣe ń rìn: ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní oṣù kẹrin, ó sì ń le jù ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Òjò Accra kò tó ti Èkó rárá, àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń lọ sí ìhà Takoradi àti Axim ni òjò á máa pọ̀ sí i, torí Axim wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo Gánà. Bó bá di oṣù keje sí ìkẹjọ, òjò á dá díẹ̀, ojú ọjọ́ á tutù. Òkun pàápàá á tutù, nítorí omi ìsàlẹ̀ òkun máa ń rú sókè lásìkò yìí títí wọ oṣù kẹsàn-án. Omi náà ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè, ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń kún àwọ̀n, tí ọdún ìbílẹ̀ àwọn apẹja sì fi bọ́ sí ìgbà kan náà. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, kó mú oṣù kejìlá sí ìkẹta, kó sì mọ̀ pé ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run tí àwòrán tó bá yà kò fi ní mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ àti ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni èmi yóò mú. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílé, òjò ti rọlẹ̀, Oguaa sì ń ṣọdún.

Oguaa ni àwọn ọmọ ìlú ń pe Cape Coast. Fetu Afahye ni ọdún wọn, ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ló ń bọ́ sí. Kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á ti fi òfin de pípẹja nínú ọ̀sà Fosu, ìgbà tí àwọn àwòrò bá ṣètùtù tán ni wọn á tó tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún gan-an, ẹgbẹ́ asafo méjèèje ìlú, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ jagunjagun ìbílẹ̀, á tò jáde, àwọ̀ aṣọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á gbé àwọn ọba lórí ìtẹ́ tí ènìyàn ń rù, agbòrùn ńlá á máa yí lókè orí wọn. Ẹ wọ bàtà tó tẹ́jú, torí pé ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Elmina, tí wọ́n ń pè ní Edina, ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù keje. Bakatue lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á fi iṣu gígún tí wọ́n fi epo pupa àti ẹyin pò bọ ọ̀sà Benya, àwòrò á sì da àwọ̀n sómi lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí àwọ̀n bá gbé sókè ni wọ́n fi ń wo bí ọdún ẹja yóò ṣe rí. Ẹni tó bá ti lọ sí ọdún Ọ̀ṣun rí kò nílò atúmọ̀ kankan níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ bá ọdún pàdé, ẹ rántí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òkun ń sinmi ní Elmina, apẹja kì í wọ omi lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n kun ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí àsíá sì ń fẹ́ lórí wọn, á wà ní èbúté. Ọjọ́ yẹn ló dára jù láti yàwòrán wọn, òun náà ni kò sì dára láti ra ẹja tútù.

Àwọn ọjọ́ ayẹyẹ mìíràn wà nínú ọdún. Winneba, tó wà láàárín Accra àti Oguaa, ń ṣe eégún aláràbarà ní ọjọ́ kìíní ọdún, ó sì ń ṣe Aboakyer ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún, níbi tí ẹgbẹ́ asafo méjì ti ń díje láti fi ọwọ́ lásán mú ẹran ìgbẹ́ láàyè. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni ìrántí ìdáǹdè kúrò lóko ẹrú. Ní ọdún tí òǹkà rẹ̀ kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 2023 àti 2025, ayẹyẹ PANAFEST máa ń bá a rìn, àwọn èèyàn dúdú láti Amẹ́ríkà àti erékùṣù Káríbíánì á sì kún Oguaa. Ẹni tó fẹ́ràn àríyá, kó ṣọ́ra fún Accra láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà: àwọn Gà, onílẹ̀ ìlú náà, máa ń fòfin de ìlù fún nǹkan bí oṣù kan kí ọdún Homowo tó dé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ijó pàápàá ni wọ́n ń retí pé kó rọra.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé olódi wàyí. Ti Elmina ló dàgbà jù. Ọdún 1482 ni Diogo de Azambuja, ará Pọtogí, kó òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ láti ìlú rẹ̀ wá, tó sì kọ́ ọ. Wúrà ni wọ́n ń wá nígbà náà, òwò ẹrú ló wá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1637 àwọn ará Họ́lándì gbé ìbọn ńlá gun òkè tó kọjú sí i, wọ́n ń yìn ín sísàlẹ̀ títí àwọn Pọtogí fi juwọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó di tiwọn, wọ́n kọ́ odi mìíràn sórí òkè náà gan-an, kí ẹlòmíràn má baà fi ọgbọ́n kan náà mú wọn. Òkè yẹn ni kí ẹ gùn nírọ̀lẹ́: ẹ ó rí ilé olódi, ọ̀sà, afárá àti ọjà ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1872 ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ní àgbàlá àwọn ẹrúbìnrin nínú ilé olódi Elmina, ẹ wòkè. Bálíkóní tí gómìnà ń dúró sí wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń wo àwọn obìnrin tí wọ́n kó jáde síta kó tó yan èyí tí wọ́n á mú gòkè wá fún un. Àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n mú wọn gbà ṣì wà. Ọta ìbọn ńlá onírin kan wà nílẹ̀ àgbàlá náà, òun ni wọ́n ń de obìnrin tó bá kọ̀ mọ́. Lókè, níbi tí àwọn ará Họ́lándì ti ń jọ́sìn, ẹsẹ kan láti inú Sáàmù 132 ṣì wà lórí ẹnu ọ̀nà. Iyàrá kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ agbárí àti egungun sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́bẹ̀ kò ní jáde láàyè. Inú ilé olódi yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Prempeh Kìíní, ọba Asante, mọ́ ní ọdún 1896, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sierra Leone, láti ibẹ̀ dé Seychelles. Ọdún 1924 ló tó padà wálé.

Ti Oguaa tóbi, ó funfun, òkun sì ń lu ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Swídìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1653, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1664, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe olú ìjókòó ìjọba wọn títí di 1877 tí wọ́n kó lọ sí Accra. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí ihò tí wọ́n kó àwọn ẹrú ọkùnrin sí. Nínú àgbàlá ni sàréè Philip Quaque wà, ọmọ Oguaa tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè àlùfáà, ní ọdún 1765. Ẹnu ọ̀nà àrèmabọ̀, tí àwọn ẹrú gbà jáde, ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Bí wọ́n bá ṣí i, àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ ó bá níta. Ní 1998, wọ́n gbé òkú ẹrú méjì, ọ̀kan láti Jàmáíkà, ọ̀kan láti New York, gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé padà, wọ́n sì lọ sin wọ́n sí Assin Manso, lẹ́bàá odò tí àwọn ẹrú ti ń wẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó dé etí òkun.

Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiwa níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn baba ńlá wa tí wọ́n tà sókè òkun kò gba Oguaa kọjá. Ouidah, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Èkó ni wọ́n gbà. Kossola, ọ̀kan lára wọn, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis ní Alabama, Ouidah ni wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ Clotilda ní 1860. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ ní mọ́tò, ẹ má sáré kọjá Ouidah. Ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn ẹrú, bíi kìlómítà mẹ́rin, láti ìgboro dé etí òkun níbi tí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà àrèmabọ̀ sí ní 1995. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ni ọdún ìṣẹ̀ṣe wọn. Ó dùn ún wò, àmọ́ ilé ìtura máa ń gbówó lórí lásìkò náà.

Ìmọ̀ràn tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn ẹbí ni pé ilé olódi kan tó fún ọjọ́ kan. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò fún ẹgbẹ́ máa ń kó Oguaa, Elmina àti afárá orí igi ti Kakum sínú ọjọ́ kan, kí wọ́n tó da èrò padà sí Accra lálẹ́. Ìyà ni, kì í ṣe ìsinmi. Afárá Kakum nìkan, tó gùn ní 350 mítà láàárín àwọn igi ńlá, tó àárọ̀ kan. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ya wọlé. Ọ̀nà Assin Manso kò bá ti Kakum pọ̀, ẹ má so wọ́n mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò bójú mu kéèyàn jáde nínú ihò ẹrú kó bọ́ sínú omi lọ máa ṣeré ní wákàtí kan náà. Ẹ fi òkun sí ọjọ́ kejì.

Abẹ́ odi kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ibi iṣẹ́ apẹja ni. Òkun etí ìlú wọ̀nyí, láti Èkó títí lọ, máa ń fa ènìyàn sẹ́yìn lójijì, ti Ouidah le púpọ̀. Busua, ní ìkọjá Takoradi, ni mo fẹ́ràn: inú kọ̀rọ̀ òkun ló wà, ìgbì rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, odi Dixcove tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kò sì jìnnà sí i. Síbẹ̀ náà, ẹ bi àwọn ọmọ ìlú léèrè kí ẹ tó wọ omi, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kọjá ibi tí omi ti kan orúnkún.

Ní ti ìwé, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà. Òfin ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́. Páàsípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì ni kó wà lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ jíjáde àti ti wíwọlé ní Sẹ̀mẹ̀, ní Hilla-Condji àti ní Aflao. Awakọ̀ tó bá ní kí ẹ fi owó díẹ̀ sáàárín páàsípọ́ọ̀tù kó lè yára, ẹ má dá a lóhùn. Owó sẹ́fà ni Benin àti Tógò ń ná, sídì ni ti Gánà. Ẹ ka owó lójú ẹni tó bá bá yín ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ti wọ Tógò, ẹ dá aago padà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí ẹ ó fi dé Gánà.

Ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣe Fetu Afahye, kó ti gba yàrá láti oṣù kẹfà, torí àwọn ọmọ Oguaa tó wà ní Accra àti lókè òkun ló ń padà wálé lọ́sẹ̀ náà. Bí kò bá sí yàrá ní Oguaa mọ́, kó wá a ní Elmina. Ọ̀nà àárín wọn kò ju bíi kìlómítà 12 lọ, ọkọ̀ sì ń ná an láti àárọ̀ di alẹ́.