Bí A Ṣe Ń Parí Àwòṣe Ọkọ̀ Òfurufú Àwọn Wright

Ní ọdún 1878, Bíṣọ́ọ̀bù Milton Wright ti ìjọ United Brethren ní Amẹ́ríkà mú ohun ìṣeré kan wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀, Wilbur àti Orville. Ọparun, kọ́ọ̀kì àti bébà ni wọ́n fi ṣe é. Okùn rọ́bà ni ó sì ń gbé e fò. Àwọn ọmọ náà fi ṣeré títí ó fi bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ra àwòṣe ọkọ̀ òfurufú fún ọmọ, tí ẹ sì bá a ní ààbọ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù yìí gbé fò nítòsí Kitty Hawk ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1903, fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ni mo ń sọ. Apá rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí a bá ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, ìbú apá náà yóò lé díẹ̀ ní ínṣì 30.

Ìdí okùn ni ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ náà tì. Pákó àti aṣọ òwú ni apá ọkọ̀ náà, kò lè dá dúró. Àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí apá méjèèjì wó lu ara wọn. Àwọn wáyà ni kò jẹ́ kí wọ́n yẹ̀. Wáyà kan ń fa apá sísàlẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e, òmíràn ń gbé e ró nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọsán gángan yóò mọ ohun tí mo wí: bí a bá fa ọ̀kan jù, gbogbo rẹ̀ a wọ́ síbi kan. Nítorí náà, láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá so ti ọ̀tún, ẹ so ti òsì tí ó bá a dọ́gba, kí ẹ tó sún síta. Ẹ lu ihò tí òwú yóò gbà kọjá kí ẹ tó lẹ òpó, nítorí bí apá òkè bá ti jókòó, ọwọ́ kò ní wọlé mọ́. Ẹ fi páálí líle di apá méjèèjì mú di ọjọ́ kejì, kí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Èmi kò fara mọ́ gọ́ọ̀mù tí ń gan lójú ẹsẹ̀ fún òpó: kì í fún ni láàyè àtúnṣe.

Ẹ óò rí i pé apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ. Kì í ṣe àṣìṣe ẹni tí ó gé pákó. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ ní òsì àárín, ẹ́ńjìnnì wà ní ọ̀tún, ó sì wúwo jù ú lọ. Ni àwọn Wright bá fi ínṣì 4 kún apá ọ̀tún. Nínú àwòṣe, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì. Ẹ má fi ayùn kàn án! Ṣóńṣó apá náà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ méjì wà lẹ́yìn, ṣéènì ni ó ń yí wọn bíi ti kẹ̀kẹ́ (oníṣòwò kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀). A gbé ọ̀kan nínú ṣéènì náà kọjá ara rẹ̀ bí àgbélébùú, kí abẹ̀bẹ̀ méjèèjì lè máa yí lódì síra wọn.

Ọkọ̀ náà kò ní táyà. Orí pákó gígùn tí ó dàbí ojú irin ni ó ti gbéra. Orí irú rẹ̀ ni kí ẹ gbé àwòṣe náà lé, nínú àpótí dígí, nítorí ọyẹ́ a máa fa pákó àti aṣọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ta yàrá físíìsì ilé-ìwé wa lọ́rẹ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún sí ara àpótí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má baà tún un gé.