Ogun Nínú Ọgbà Àjàrà, Àṣírí Nínú Ilé

Ní alẹ́ tí mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú The Winemaker's Wife, ọ̀rọ̀ tí ń bẹ láàárín èmi àti baálé mi kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni mo gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Láràárọ̀ ni ó ń wẹ̀, tí ó ń wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó sì ń jáde. Nígbà tí mo bi í léèrè, ohun kan ṣoṣo tí ó wí ni pé, "Ìyá Tóbi, n kò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni." Àbúrò mi obìnrin ló fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n fi pa ìrònú rẹ́, pé ìtàn ìfẹ́ lásán ni, pé ọtí ṣáńpéènì ló kún inú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé mi gan-an ni òun ń kó wá bá mi.

Kristin Harmel, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé náà, ọdún 2019 ló sì jáde. Bí a bá fẹ́ pe àkọlé rẹ̀ ní Yorùbá, Aya Apọntí ni ìbá jẹ́. Ìtàn méjì ni òǹkọ̀wé lọ́ pọ̀ mọ́ra. Èkíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1940, ní agbègbè Champagne ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń bọ̀. Inès, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, ni aya Michel, ẹni tí ó ni ilé ìpọntí Maison Chauveau. Theo ni ọ̀gá tí ń bójú tó ọtí ilé náà, Céline sì ni aya rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Júù wà lára Céline, a sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lábẹ́ àwọn Násì. Ìtàn kejì jẹ́ ti Liv, obìnrin kan ní New York tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká, tí ìyá rẹ̀ àgbà, ará Faransé, ṣàdédé já wọlé tọ̀ wá, tí ó ní kí ó palẹ̀ ẹrù mọ́ kí àwọn méjèèjì máa lọ sí Faransé. Ìyá àgbà yìí ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Èmi náà kò ní sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kà á.

Inú orí òǹkọ̀wé ni Maison Chauveau ti jáde. Ilẹ̀ tí ó gbé e kà ní tirẹ̀ kì í ṣe àròsọ rárá. Reims àti Épernay ni ìlú pàtàkì inú rẹ̀, ẹfun ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn Reims a máa wa ẹfun yìí láti fi kọ́lé, ihò tí wọ́n gbẹ́ sì di gbọ̀ngàn ńláńlá lábẹ́ ìlú, òmíràn jìn tó 30 mítà. Òtútù inú wọn kì í yí padà, ìbáà ṣe ìgbà ooru tàbí ìgbà yìnyín. Nínú òkùnkùn yẹn ni ṣáńpéènì ti ń gbó. Àwa tí a mọ ìgò rẹ̀ níbi òde àríyá, tí a ń mì ín jìgìjìgì kí ó lè tú sí àwọn ènìyàn lára, a kì í ronú nípa sùúrù tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wáìnì bá ti kọ́kọ́ kan, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà àti ìwúkàrà díẹ̀, wọn a sì dé e pa. Yóò tún kan lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò. Afẹ́fẹ́ tí ó ń wá ọ̀nà jáde tí kò rí i ni ó ń di ìhó. Ó kéré tán, oṣù 15 ni òfin ní kí ó lò kí wọ́n tó tà á. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi orí ìgò sọlẹ̀ nínú pákó tí a lu ihò sí, òṣìṣẹ́ a sì máa fi ọwọ́ yí ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi kó jọ sí ọrùn rẹ̀ tí wọn yóò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi èyí wé ẹmu tí a dá láàárọ̀, tí ó ti kan kí ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ènìyàn lè sá fún ogun. Ìgò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò lè sá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ apọntí fi mọ ògiri sínú àjà-ilẹ̀ wọn, tí wọ́n kó ọtí tí ó dára jù sẹ́yìn rẹ̀. Opó kan, Marie-Louise de Nonancourt, tí ó ra ilé ìpọntí Laurent-Perrier ní 1939, mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ère Màríà Wúńdíá sí i kí ó má baà fu ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì wọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ń bá Jámánì jà. Maurice, ẹ̀gbọ́n, kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Bernard, àbúrò, padà wálé, ó sì di olórí ilé ìpọntí náà. Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ju lórí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú ìwé lọ.

Àwọn Jámánì fi Otto Klaebisch ṣe alákòóso ọtí agbègbè náà. Ó mọ òwò ọtí dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ayédèrú tàn án kánmọ́kánmọ́. Ní ìgbà tí ó le jù, ó ń béèrè tó 400,000 ìgò lọ́sẹ̀ kan. Robert-Jean de Vogüé, ọ̀gá Moët & Chandon, ni ó ń ṣojú àwọn apọntí níwájú rẹ̀, òun kan náà sì ń bẹ nínú ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943 ni wọ́n mú un, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọn kò pa á mọ́, wọ́n wá fi ránṣẹ́ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekára. Ó yè é.

Ohun kan wà nípa Reims tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ní 1924 ni wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ ní ìlú náà fún àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n gbèjà rẹ̀ ní 1918. Láti ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, Dàhòmì tí a ń pè ní Benin lónìí sì wà lára wọn. Ní 1940, ọdún kan náà tí ìtàn Inès bẹ̀rẹ̀, àwọn Jámánì wú ère náà kúrò. Ọdún 2013 ni ère mìíràn tí ó jọ ọ́ tó dé síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Inès. Michel bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun ìjà pa mọ́ fún ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn sí aya rẹ̀. Lójú rẹ̀, ọmọdé ni Inès, kò lè ru ẹrù ńlá. Bí ó bá wọ àárín wọn, ọ̀rọ̀ a dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, Inès wá ẹni tí yóò tẹ́tí sí i, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń bá àwọn Násì ṣe. Céline náà ṣe tirẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ìdùnnú díẹ̀ láàárín ìbẹ̀rù. Nínú àṣìṣe àwọn méjèèjì ni ewu ti wọ ilé.

Ibí yìí ni èmi àti òǹkọ̀wé ti yà. Ó jọ mí lójú pé ó le mọ́ Inès, ó sì rọ̀ fún Michel. Mo mọ ohun tí a lè fi gbè é: nígbà ogun, ohun tí aya kò bá mọ̀, ìyà kò lè fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a fi àṣírí pa mọ́ fún ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a fojú kéré rẹ̀. Michel lè sọ pé, "Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, fara dà á." Gbólóhùn kan péré ni. Bí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ mi, ìfẹ́ tí Liv bá pàdé ní Reims yá ju bí ó ti yẹ lọ. Apá ti 1940 ni ó gbé ìwé náà dúró.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo fi sórí tábìlì. N kò sọ fún baálé mi pé kí ó kà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó parí, ó wá jókòó tì mí ní ilé ìdáná.

"Ìyá Tóbi, ṣé Michel ni o fi mí pè?"

Mo ní, "Michel ní ìbọn tí ó fi pa mọ́. Kí ni ẹ̀yin ní?"

Ó rẹ́rìn-ín, èyí tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú àpò iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìwé tí wọ́n fi dá a dúró ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti ká a sí mẹ́rin. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a sì jọ kà á.